Ṣé Kí N Rán Ófárọ́ọ̀lù Awakọ̀ Òfuurufú Fún Ọmọ Mi?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Aránṣọ ni mí ní Ṣómólú. Ọmọ mi obìnrin ti wọlé síbi tí wọ́n ti ń kọ́ wíwa hẹlikópítà, ó sì wù ú kó máa gbé àwọn òṣìṣẹ́ epo lọ sórí òkun. Wọ́n ní kó ra ófárọ́ọ̀lù awakọ̀ àti ìbọ̀wọ́. Iye tí wọ́n ń pè é lórí íntánẹ́ẹ̀tì ju agbára mi lọ. Mo ti ra aṣọ aláwọ̀ ewé kan ní Balógun, ó le dáadáa, kì í ṣá, kì í rún. Aláṣọ ní pọliẹ́sítà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣé kí n rán an? Ohun kejì: àwọn awakọ̀ tí mò ń rí ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì ni wọ́n ń wọ̀. Bí ófárọ́ọ̀lù yìí bá ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn yẹn kì í wọ̀ ọ́?" Ìyá Ṣadé.

Ìdáhùn:

Ìyá Ṣadé, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi aṣọ Balógun yẹn rán an. Mo mọ̀ pé owó ti lọ sí i, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ yín á rán an kó dá ṣáká ju èyí tí wọ́n ń tà lọ. Ìṣòro náà kò sí lọ́wọ́ yín, inú òwú aṣọ náà ló wà. Títọ́jú àṣíborí, aṣọ àti jákẹ́ẹ̀tì omi àwọn tó ń fò ni mo fi jẹun ní Ìkẹjà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń ká mi lára. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dé gbòǹgbò. Ẹni tó mọ aṣọ ni yín, yóò tètè yé yín.

Kò sí aṣọ awakọ̀ òfuurufú kan tí wọn kò ṣe nítorí ikú kan pàtó. Òtútù ń pa wọ́n, àìrí afẹ́fẹ́ mí ń pa wọ́n, ẹ̀jẹ̀ tó sá kúrò lórí ń pa wọ́n, iná ń pa wọ́n, omi ń pa wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ fún ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé èwo nínú wọn ló wà lójú ọ̀nà tí ọmọ òun máa gbà. Bí a kò bá béèrè bẹ́ẹ̀, àwọ̀ àti iye àpò nìkan la ó máa wò.

Òtútù ló kọ́kọ́ fìyà jẹ wọ́n. Bí ènìyàn bá ń gòkè lọ sójú ọ̀run, ooru ń dín kù ní bíi dígírì Celsius 2 fún 1,000 ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí ooru Ṣómólú bá wọ 32, ẹni tó wà ní 10,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè orí yín wà nínú nǹkan bíi 12, ẹni tó sì wà ní 35,000 wà nínú òtútù tó lè tó 40 lábẹ́ òdo. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ òfuurufú kò lórùlé, ojú awakọ̀ ni atẹ́gùn ń bá tààrà. Kóòtù awọ, irun ẹran, ìbọ̀wọ́ lórí ìbọ̀wọ́, ọ̀rá àbùùbùtán tí wọ́n ń fi pa ojú, kò sí èyí tí wọn kò gbìyànjú.

Sidney Cotton, ọmọ Australia kan tó ń fò fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ló rí ọ̀nà àbáyọ nígbà òtútù 1916 sí 1917. Ó wà nídìí ẹ́ńjìnì nígbà tí ìpè dé lójijì, ó sì fò lọ tòun ti ófárọ́ọ̀lù iṣẹ́ tí epo àti gírísì ti rin gbingbin. Nígbà tí wọ́n padà balẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọ aṣọ òfuurufú gidi ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, òun kò gbọ̀n. Ó ronú sí i, ó rí i pé epo ló ti dí gbogbo ojú ihò aṣọ náà: atẹ́gùn kò rí ibi wọlé, ooru ara òun kò sì rí ibi jáde. Ó gbé èrò náà lọ bá ilé aṣọ Robinson & Cleaver ní London, wọ́n sì rán ófárọ́ọ̀lù onípele mẹ́ta fún un: irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú, sílíìkì tí atẹ́gùn kì í gbà kọjá láàárín, aṣọ fífúyẹ́ tó le lókè. Sidcot ni wọ́n sọ ọ́, 1917 ló jáde, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, RAF, sì ń lò ó títí wọ inú Ogun Hitler. Ó ṣì wà lára aṣọ RAF ní 1942, ọdún tí Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, di ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ́físà nínú ẹgbẹ́ náà. Ìdílé rẹ̀ náà ni Stella Thomas ti jáde, obìnrin àkọ́kọ́ tó di májísíréètì ní Nàìjíríà. Jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ló pa Adéníyì ní 1945, kí ogun tó parí. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ fífò mọ orúkọ rẹ̀.

Nínú ogun kan náà, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ń yìnbọn lójú fèrèsé B-17, ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju bọ́ǹbù, ń wọ aṣọ tí wáyà iná mànàmáná wà nínú rẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, bí wáyà bá já níbì kan, gbogbo aṣọ ló kú, ìka ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn sì bá a lọ. Nítorí àfọ́kù irin tó ń fò káàkiri inú ọkọ̀, dókítà wọn, Malcolm Grow, ní kí Wilkinson Sword, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń rọ idà, ṣe ẹ̀wù tí wọ́n to irin pẹlẹbẹ sí inú kánfáàsì rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀wù ìdáàbò àyà tí a ń rí lára ọlọ́pàá àti sójà lónìí ti gba agbára. Ọmọ yín kò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ ká kọjá.

Ti afẹ́fẹ́ mímí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí àwọn ẹgbẹ́ yín ló yanjú rẹ̀. Ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, ẹni tí kò ní ọ́síjìn kò ní ju bíi ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan lọ kí làákàyè rẹ̀ tó sá lọ. Bí ó bá ga dé nǹkan bíi 63,000, afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ débi pé omi á máa hó ní ìwọ̀n ooru ara ènìyàn, itọ́ ẹnu á hó, omi ojú á hó. Wiley Post, ọmọ Amẹ́ríkà olójú kan, fẹ́ fò lọ sókè gan-an láti fi yára, ṣùgbọ́n pákó ni wọ́n fi kan ọkọ̀ rẹ̀, kò ṣeé fún afẹ́fẹ́ sí. Ó ní bí ọkọ̀ kò bá lè di afẹ́fẹ́ mú, kí aṣọ dì í mú. Ní 1934, òun àti Russell Colley ti ilé iṣẹ́ táyà B.F. Goodrich bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aṣọ àkọ́kọ́ ya nígbà tí wọ́n ń dán an wò. Èkejì há mọ́ Post lára, wọ́n ní láti gé e kó tó lè bọ́ ọ. Ẹ̀kẹta ló ṣiṣẹ́: rọ́bà nínú, aṣọ líle lóde, àti àṣíborí irin tó ní fèrèsé róbótó kan. Ó wọ̀ ọ́ gòkè dé bíi 40,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ́dún náà.

Ìṣòro tó kù jẹ́ ti aránṣọ pọ́ńbélé. Bí wọ́n bá fún afẹ́fẹ́ sínú aṣọ, aṣọ a wú, a le, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ní lè ká apá. Báwo lèèyàn ṣe máa gé ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún aṣọ tí kò fi ní bá ẹni tó wọ̀ ọ́ jà? David Clark Company ní ìpínlẹ̀ Massachusetts wà lára àwọn tó wá ojútùú sí i. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ bí aṣọ ṣe ń fún ara mọ́ra láì dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Aṣọ tí àwọn awakọ̀ U-2, ọkọ̀ òfuurufú amí Amẹ́ríkà, ń wọ̀ fò ní 70,000 ẹsẹ̀ bàtà ti ọwọ́ wọn jáde. Èyí tí Neil Armstrong wọ̀ rìn lórí òṣùpá ní 1969 náà, ọwọ́ àwọn obìnrin aránṣọ ló ti wá, ní ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ kọ́ọ̀sẹ́ẹ̀tì Playtex. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kò kan òfuurufú.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń sá kúrò lórí jẹ́ ti àwọn tó ń wa ọkọ̀ ogun. Bí ọkọ̀ náà bá yí kíkan lórí eré, ara awakọ̀ a wúwo. Bí ìwúwo náà bá di ìlọ́po márùn-ún, ẹni tó wọn kílò 70 a wúwo bíi 350, ẹ̀jẹ̀ a rọ́ sísàlẹ̀, ojú a kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà ọkàn a kúrò níbẹ̀. Wilbur Franks ní Yunifásítì Toronto ṣe aṣọ tí omi wà nínú rẹ̀, àwọn awakọ̀ òfuurufú ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì wọ̀ ọ́ lọ jà ní 1942. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó wúwo, ó sì ń mú ooru. Afẹ́fẹ́ ló gba ipò omi lẹ́yìn rẹ̀: àpò afẹ́fẹ́ ní ikùn, itan àti ojúgun, tó máa ń fún ẹsẹ̀ pọ̀ bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Hẹlikópítà tó ń gbé èrò kì í yí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta irú aṣọ yìí fún ọmọ yín kò mọ iṣẹ́ ọmọ yín.

Wàyí o, iná. Ní 1940, nígbà tí RAF àti Jámánì ń jà lójú ọ̀run Ìlú Ọba, táǹkì epo Spitfire àti Hurricane, ọkọ̀ ogun òfuurufú RAF, wà níwájú awakọ̀. Bí ọta bá bà á, ọwọ́ iná á já wọ ibi tó jókòó sí. Ooru ọ̀sán àti ìkánjú máa ń mú kí àwọn kan bọ́ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n gbé awò ojú sókè orí, kí wọ́n lè rí ìta dáadáa kí wọ́n sì lè mú nǹkan gírígírí. Ojú àti ọwọ́ wọn ló jó. Archibald McIndoe, oníṣẹ́ abẹ tó wá láti New Zealand, ló ń tọ́jú wọn ní ilé ìwòsàn East Grinstead. Àwọn tó tọ́jú dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1941 tí wọ́n pè ní Guinea Pig Club, torí pé ara wọn ni wọ́n ti ń dán ọ̀nà ìwòsàn tuntun wò. Kí ogun tó parí, wọ́n ti pé 649. Ẹ wo àwòrán wọn bí ẹ bá láyà rẹ̀: ibi tí aṣọ bò sábà máa ń dá, ibi tí aṣọ kò bò ni iná jẹ. Ìgbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, bí mo bá rí awakọ̀ tó ká apá ófárọ́ọ̀lù rẹ̀ sókè nítorí ooru Èkó, inú mi kì í dùn títí tó fi máa sọ ọ́ kalẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, náílọ́ọ̀nù gbòde. Ó fúyẹ́, ó lẹ́wà, ó tètè ń gbẹ, wọ́n sì ń fi rán aṣọ awakọ̀. Ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù àti pọliẹ́sítà kì í jó bíi kọ́tìnì. Yíyọ́ ni wọ́n máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 220 sí 265 dígírì, iná epo ọkọ̀ òfuurufú sì ju ìyẹn lọ fíìfíì. Bí wọ́n bá ti yọ́, wọ́n a lẹ̀ mọ́ awọ ara, wọ́n a sì máa jó o lọ lẹ́yìn tí iná gan-an bá ti kú. Dókítà á wá máa fa aṣọ tó ti yọ́ kúrò lára ẹran ara ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má rán an, Ìyá Ṣadé. Líle tí aṣọ náà le, àìṣá rẹ̀, àìrún rẹ̀, gbogbo ohun tó mú kó wù yín, pọliẹ́sítà inú rẹ̀ ló fún un.

Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni ilé iṣẹ́ DuPont gbé òwú kan jáde tó ń jẹ́ Nomex. Wilfred Sweeny wà lára àwọn onímọ̀ kẹ́místírì tó ṣe é. Kì í yọ́, kì í kán tótó. Bí iná bá bà á, a dúdú, a nípọn sí i, a sì di odi láàárín iná àti ara. Bí wọ́n bá gbé iná kúrò, òun fúnra rẹ̀ á kú. Agbára yìí kì í ṣe oògùn tí wọ́n rẹ aṣọ sí, kò lè fọ̀ dànù; inú òwú náà ló wà. Nígbà ogun Vietnam ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ fò, láti ìgbà náà ló sì ti di aṣọ awakọ̀ hẹlikópítà kárí ayé. Kò ní kí ènìyàn jókòó sínú iná o. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń fúnni, kí ènìyàn lè tú bẹ́líìtì, kó ṣílẹ̀kùn, kó jáde.

Omi ló kù, ọmọ yín sì máa ń wà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ bí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí i. Ní 1943, Shirley Institute ní Manchester hun kọ́tìnì kan tó ń jẹ́ Ventile. Bí omi bá kàn án, òwú rẹ̀ a wú, a dí ojú ihò, omi kò ní wọlé mọ́. Àwọn awakọ̀ tó ń já sínú òkun oníyìnyín ni wọ́n ṣe é fún. Títí dòní, ẹni tó bá ń fi hẹlikópítà fò lórí òkun àríwá Ìlú Ọba sábà máa ń wọ aṣọ tí omi kò lè wọ̀, torí òtútù omi á ti pa á kó tó rẹ̀ ẹ́ láti lúwẹ̀ẹ́. Òkun tiwa níbí máa ń wà ní bíi 27 dígírì, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ yóò kàn se ènìyàn bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni. Jákẹ́ẹ̀tì omi ló ṣe pàtàkì fún ọmọ yín, ilé iṣẹ́ tó bá gbà á ló sì máa fún un. Ẹ sọ fún un kó má ṣe fún afẹ́fẹ́ sí i nígbà tó ṣì wà nínú hẹlikópítà. Ẹ́ńjìnì wà lókè, òun ló wúwo, nítorí náà hẹlikópítà tó bá já somi sábà máa ń dojú dé. Ẹni tí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti wú máa léfòó lọ há mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti di òkè, kò ní lè rì wálẹ̀ débi ilẹ̀kùn.

Ní ti àwọn oníṣẹ́ẹ̀tì funfun Ìkẹjà, ọkọ̀ tiwọn ló wọ aṣọ fún wọn. Wọ́n ti fún afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀ náà débi pé bó tiẹ̀ wà ní 38,000, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ní mọ̀ ju ẹni tó gun òkè 8,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ooru wà níbẹ̀, ìbòmú ọ́síjìn tí wọ́n lè fi ọwọ́ kan fà bojú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Iléeṣẹ́ Pan Am ti Amẹ́ríkà ló mú aṣọ àwọn ọ́físà ojú omi wọ inú ọkọ̀ òfuurufú láàárín ọdún 1930 sí 1940, kí ọkàn èrò lè balẹ̀, ó sì di àṣà. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí, kọ́tìnì gidi tàbí irun àgùntàn ni mo fẹ́ lára wọn, kì í ṣe pọliẹ́sítà.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Ẹ kọ́kọ́ ní kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ irú ófárọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọjà Kàtángówà. Ófárọ́ọ̀lù awakọ̀ tó jẹ́ òkìrìká máa ń wà níbẹ̀ bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wá a láàárín ti mẹkáníìkì. Ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì inú ọrùn rẹ̀: ẹ ó rí "Nomex" tàbí "aramid", orúkọ irú òwú tí Nomex jẹ́, pẹ̀lú iye tó ju 90 nínú 100 lọ. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ti ya, ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ nínú ìṣẹ́po ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ìṣáná sí i. Pọliẹ́sítà a ká jọ, a yọ́ di kóró líle. Kọ́tìnì a jó lọ bíi bébà, a fi eérú sílẹ̀. Nomex a dúdú, a sì kú ní kété tí ẹ bá gbé iná kúrò. Ẹ má ra èyí tí epo ti mu tí kò ṣí mọ́, torí epo yẹn fúnra rẹ̀ á jó. Ẹ má sì ra èyí tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́.

Bí ẹ bá ti rí i, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fún un mọ́ ọn lára bí àwọn ọmọ ṣe ń fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín aṣọ àti ara wà lára ohun tó ń dí iná lọ́wọ́. Òwú pọliẹ́sítà tí a ń lò lójoojúmọ́ kò gbọ̀dọ̀ kàn án, torí ojú rírán á yọ́, aṣọ á sì ya sílẹ̀ nínú iná. Òwú Nomex ló dára jù. Bí ẹ kò bá rí i, kọ́tìnì gidi ni kí ẹ lò. Síìpù onírin ni kí ó wà níwájú. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ náà, kọ́tìnì ni, kì í ṣe lẹ́ẹ̀sì àti lẹ́gíìnsì náílọ́ọ̀nù. Ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ fowó ra ní tuntun: Nomex lẹ́yìn ọwọ́, awọ fẹ́lẹ́ ní àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, kò sí bílíìṣì, kò sí sítáàṣì, bó ti wù kó wù wá kí aṣọ ọmọ wa dúró gan-an. Bí ẹ bá sì máa gé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ọmọ jókòó sórí àga kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kó lè bo ọrùn búùtù nígbà tó bá jókòó, torí orí ìjókòó ló máa wà bí iná bá dé.